Ìyàwó Lánlọ́ọ̀dù Ni Ẹlẹ́rìí Mi

Ọjọ́bọ̀, Ìgàndó.

Ara mi ò tíì balẹ̀. Mo lọ béèrè ìrànwọ́ owó ilé tí ìjọba ń ṣe. Akọ̀wé ibẹ̀ ní, "Màmá, ta ló gbà yín síṣẹ́?" Mo ní téló ni mí, èmi ni ọ̀gá ara mi.

"Ẹ mú alága ẹgbẹ́ téló yín wá, kó jẹ́rìí sí yín."

Alága wa kẹ̀! Ìyàwó Alhaji, lánlọ́ọ̀dù tó ní ká kó jáde, ni.

Mo ṣáà lọ kúnlẹ̀ fún wọn. Alhaja fà mí lápá.

"Dìde jàre. Màá bá ẹ lọ lọ́la. Má jẹ́ kí Alhaji gbọ́ o."

Tí Alhaja bá wá yí ohùn padà ńkọ́? Alhaji wúkọ́ lójúde báyìí, àyà mi já bíi ti ẹni tó jalè.