Àbúrò Mi Tí Mo Fi Itọ́ Lé Kúrò Nílé

Admin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bò mí láṣìírí, torí mo mọ̀ pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ouagadougou níbí ń ka page yìí. Èmi ni mo lé àbúrò mi kúrò nílé bàbá rẹ̀. Irọ́ ni mo fi lé e, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń pa á... Ẹ má tíì bú mi o. Ẹ kà á tán ná, kí ẹ tó wá bú mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa, ó ti pẹ́ tó ti ń ta ẹ̀yà ara moto ní àdúgbò Tampouy níbí. Ìyá mi ni ìyálé, láti ilé ni wọ́n ti mú un wá fún Bàbá. Ọmọ Mossi, àwọn onílẹ̀ Ouaga níbí, ni ìyàwó kejì, òun ni ìyá Pascal. (Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀.) Èmi ni àkọ́bí, ọdún mẹ́jọ ni mo fi ju Pascal lọ. Yorùbá mi já gaara. Èmi ni mò ń túmọ̀ ìwàásù, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá lẹ́yìn ìsìn, mo sì lè ki Bàbá títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Pascal ńkọ́? Mooré, èdè ìyá rẹ̀, àti French ni tiẹ̀. Tó bá jí láàárọ̀, á kàn tẹ orí díẹ̀, “E kaaro Baba, ça va?”, ó parí. Mo kórìíra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ lónìí. Bàbá á jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ní sọ̀rọ̀ kankan, wọ́n á kàn máa tú carburateur, ara Bàbá á sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Èmi tí mo gbọ́ èdè, tí mo mọ oríkì, kí ni mo rí gbà? Mo ní kí ni mo rí gbà?

Làbó kan, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ wò, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin òyìnbó kan dé láti Estonia, orílẹ̀-èdè kékeré kan lẹ́bàá Finland. Madame là ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo bí ìran àti èdè ṣe ń bá ara wọn rìn. Ó ní ìyekan ni èdè àwọn àti ti Finland, wọn ò sì jọ èdè ọ̀pọ̀ òyìnbó tó yí wọn ká. Ó ní ọ̀nà jíjìn ni èdè náà ti wá, láti ìlà-oòrùn, ní ilẹ̀ òtútù Siberia lọ́hùn-ún, àti pé àmì kan wà lára tí bàbá máa ń fún ọmọkùnrin, tí ọmọkùnrin náà á tún fún ọmọkùnrin tirẹ̀, tí kì í gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá. Àmì yẹn wà lára àwọn baba ńlá tó gbé èdè náà dé etí òkun wọn. Orí mi wú! Àṣé bàbá ló ń gbé èdè rìn! Ṣùgbọ́n Madame ò tíì sọ̀rọ̀ tán o. Ó ní àwọn ará Hungary náà ń sọ èdè tó bá tiwọn tan láti òkèèrè, síbẹ̀ téèyàn bá wá àmì yẹn lára wọn, ekukáká ló fi máa rí i. Èdè lè dúró, kí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gbé e wá ti pòórá, ẹ̀jẹ̀ náà lè dúró kí èdè lọ. Ó ní ká má fi ọ̀kan ṣe ẹ̀rí èkejì láéláé. Mo gbọ́ ọ, etí mi ò di. Èyí tó wù mí ni mo mú lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń sọ ọ́ fún Bàbá àtàwọn àgbà ìdílé wa, pé àwọn onímọ̀ ti rí i, pé ẹni tí èdè bàbá ò bá jókòó lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n wo ibi tó ti wá dáadáa. Mò ń rẹ́rìn-ín sọ ọ́ ni. Ìyá Pascal wà níbẹ̀ tó ń gé ilá. Kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì rí ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Nígbà tí Madame ní òun fẹ́ itọ́ bàbá àti ọmọ, tóun máa fi yẹ àmì yẹn wò, láti ilé àwọn àlejò tó ti fìdí múlẹ̀ níbí, mo mú ilé wa lọ: Bàbá, èmi, Pascal. A tutọ́ sínú ìgò kéékèèké. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i lára, ọwọ́ mi ni ìwé tó ní orúkọ wà. Madame kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fi èsì yẹn dá ẹjọ́ ta ni bàbá ta ni...

Èsì dé. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí i. Ti Bàbá àti ti Pascal bára mu régí. Ẹ̀kẹta ò bá wọn mu níbì kankan. Èmi ni ẹ̀kẹta. Mo lọ bọ́jú, mo padà wá kà á, kò yí padà. Wọ́n máa ń sọ nílé wa pé ọmọ oṣù méje ni mí, pé mo kánjú wáyé, torí oṣù méje lẹ́yìn tí ìyá mi dé Ouaga ló bí mi. Wọ́n ti fi ṣe àwàdà títí. N ò tíì bi ìyá mi léèrè di bí mo ṣe ń kọ èyí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í?

Mo kọ èsì sórí bébà míì, mo fi Pascal sípò mi, mo fi ara mi sípò tiẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, mo kà á fún Bàbá àtàwọn àgbà méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní làbó kì í purọ́. Pascal dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wojú wa kiri. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí French fún un, mo fara balẹ̀ bí ẹni túmọ̀ ìwàásù. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ìyá rẹ̀ ń fi ilẹ̀ búra lédè Mooré. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òun àti Pascal ti di ẹrù wọn sórí moto ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní àdúgbò Kossodo báyìí, Pascal ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ńlá. Bàbá ò jẹun dáadáa mọ́. Ó máa ń dì mí lọ́wọ́ mú, á ní èmi nìkan ló kù fún òun.

Èyí tó wá ń pa mí nìyí. Pascal fẹ́ gbéyàwó. Àwọn òbí ọmọbìnrin náà, tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Patte d'Oie, sọ pé àwọn ò lè fọmọ fún ẹni tí kò ní bàbá tó máa dúró fún un. Ọjọ́ Sunday mẹ́ta sẹ́yìn, ó wọ kíláàsì mi. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún méje, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó ní “Grand frère, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́ mi.” Ó gba ohun tí mo sọ gbọ́! Ó gbà pé ká ní òun gbọ́ Yorùbá ni, Bàbá ì bá má jẹ́ kóun lọ. Mò ń kọ́ ọ. Mò ń le mọ́ ọn pàápàá. Àwọn ọmọdé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, n kì í bá wọn wí. Tá a bá parí, á dúpẹ́, á ní “barka”, á lọ kí ìyá mi, ìyá mi kì í lè wo ojú rẹ̀.

Sunday tó kọjá, ó mú ìwé kan wá pé kí n bá òun tún un ṣe. Ohun tó fẹ́ sọ fún Bàbá ló kọ síbẹ̀, pé òun mọ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ wọn, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró fún òun bíi bàbá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà òun ò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo mú bírò pupa, mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Mo ní kó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì kó tún un kà, nígbà tí àyà rẹ̀ ò kanlẹ̀, mo ní kó dìde kó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó kà á títí ó fi dán lẹ́nu rẹ̀ bíi tèmi.

Ọ̀túnla ló ń lọ bá Bàbá. Ó ní kí n tẹ̀lé òun, torí Bàbá máa ń gbọ́ tèmi. Tí mo bá jẹ́wọ́, níbo ni ìyá mi máa lọ lọ́jọ́ ogbó rẹ̀? Èmi gan-an, orúkọ ta ni kí n máa jẹ́? Tí mo bá sì dákẹ́... Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn. Ọmọ bíbí inú Bàbá máa dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́túnla, á sọ pé òun kì í ṣe ọmọ rẹ̀, ní Yorùbá tó dá ṣáká, tí èmi kọ́ ọ. Ṣé kí n jẹ́ kó sọ ọ́?