Kúbùsù Ìrẹ́pọ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Onírépé

Ọmọ aránpò ni Màmá wa, ọmọ alágbàfọ̀ sì ni wọ́n pẹ̀lú. Ọdún 1941 ni wọ́n bí wọn, nínú ilé kékeré kan tó kọjú sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun, níbi tí bàbá wọn ti ń rán ẹnu àpò láti òwúrọ̀ títí fèrè ìrọ̀lẹ́ yóò fi dún. Ìyá wọn ń fọṣọ fún gbogbo àdúgbò. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ilé náà kò ní nǹkan kan ju abẹ́rẹ́ àti ọṣẹ lọ. Abẹ́rẹ́ àti ọṣẹ yìí náà ni Màmá sì fi borí ayé.

Ní ọdún 1948 ni wọ́n fi wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì ṣe dáadáa, àyàfi ìṣirò tí wọ́n bá ṣọ̀tá títí dọjọ́ alẹ́. Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọmọ yìí kì í da ohunkóhun nù. Bí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá gé aṣọ tán tí wọ́n gbálẹ̀, inú àpò Màmá ni ohun tí wọ́n gbá ń wọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Onírépé ti mọ́ wọn lórí, torí pé ìrépé ni àwọn aránṣọ ń pe àjákù aṣọ tó bá kù nílẹ̀. Ẹ̀sín ni wọ́n fi ń ṣe nígbà náà. Àwọn tó ń ṣẹ̀sín ọ̀hún ti wá ra kúbùsù lọ́wọ́ Màmá lẹ́yìn náà; a kò ní dárúkọ ẹnì kankan, ẹ mọ ara yín.

Ní ọdún 1961, Màmá fẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin atẹ̀wé kan, ẹni jẹ́jẹ́ tí tàdáwà kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bàbá wa nìyẹn. Yàrá méjì ni wọ́n gbà, lókè ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan, ibẹ̀ sì ni wọ́n bí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí. Ní ọdún 1972, ikọ́ dá bàbá wa dùbúlẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n dìde mọ́. Ẹ̀yìn Màmá ni àbíkẹ́yìn ṣì wà lọ́jọ́ tí a sin wọ́n.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, pe ìpàdé ẹbí. Àbá wọn ni pé kí wọ́n pín ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ilé mẹ́rin, kí àbíkẹ́yìn sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn fúnra wọn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Àánú wa ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní opó tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kò lè bọ́ ẹnu mẹ́rin. Màmá nu ojú, wọ́n kúnlẹ̀ láàárín ìpàdé, wọ́n ní: "Bàbá wa, ìrépé ni mo ti ń tò pọ̀ láti kékeré. N kò lè máa wòran kí wọ́n gé àwọn ọmọ mi sí wẹ́wẹ́." Bàbá Àgbà wá ní ó dáa, àwọn fún wọn dìgbà tí ilé ìwé bá wọlé. Bí Màmá kò bá tíì rí ọ̀nà nígbà náà, àwọn ń gbé ọkọ̀ bọ̀ wá kó ọmọ.

Bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń gbálẹ̀ fún àwọn télọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè kó ìrépé. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ sínú omi gbígbóná oníyọ̀, bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn, kí èyí tó bá máa ṣí àwọ̀ tètè ṣí i nínú bàsíà, kó má lọ dójú tini lórí ibùsùn oníbùsùn. Páálí bàtà tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin ni òṣùwọ̀n wọn. Àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n ń sè tí wọ́n fi ń ṣe inú kúbùsù, kúbùsù àtijọ́ tó ti gbó ni wọ́n ń tẹ́ sáàárín kó lè nípọn, wọ́n á wá to ìrépé sójú rẹ̀, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé, títí ojú á fi rí ohun tó dára. Àpò tí àkọlé rẹ̀ bá kọ̀ tí kò parẹ́, tiwa ni. Ọdún púpọ̀ ni àbíkẹ́yìn fi sùn lábẹ́ "ÌYẸ̀FUN DÁRADÁRA".

Nígbà tí kúbùsù díẹ̀ délẹ̀, Màmá bẹ akunlé kan kó kọ pátákó fún wọn: Kúbùsù Ìrépé. Etí kan ni ọkùnrin náà fi ń gbọ́rọ̀, ẹ̀rọ káfíńtà sì ń pariwo nísàlẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ tán, KÚBÙSÙ ÌRẸ́PỌ̀ ló wà lójú pátákó gàdàgbà. Màmá ní kó pa á rẹ́. Ó ní ọ̀dà ti tán, àfi kí wọ́n ra òmíràn. Màmá wo agolo ọ̀dà tó ti ṣófo, wọ́n wo ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná, wọ́n ní kó bá àwọn gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀.

Àfi bí ìyàwó aránbàtà òpópónà kejì ṣe dé. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni kúbùsù kan wà tó ń mú kí tọkọtaya rẹ́. Màmá búra pé aṣọ lásán ni, kì í ṣe oògùn. Obìnrin náà rò pé wọ́n ń fi í pamọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, Màmá ní kó kó ògbólógbòó aṣọ tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ wá, kó má baà wọ́n jù. Obìnrin yìí kò tọrọ, ó kàn kó ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ wá ni. Ọkọ tọ ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́yìn dé pẹ̀lú ìbínú. Màmá kò bá a jà, wọ́n ki bíléèdì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ti tú ná, kó bá ìyàwó rẹ̀ tú èkejì. Kí wọ́n tó tú u tán, wọ́n ti jà, wọ́n ti rojọ́, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, aṣọ ẹni méjì kò pọ̀ tó nǹkan. Kúbùsù náà há gan-an ni. Ẹni tó bá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kejì, òtútù á kí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí.

Ìròyìn kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó rìn. Nígbà tí ilé ìwé fẹ́ wọlé, Bàbá Àgbà gbé ọkọ̀ dé lóòótọ́. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n bá èrò tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, tọkọtaya lórí bẹ́ǹṣì, bíléèdì lọ́wọ́ kálukú. Lórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ta ni wọ́n rí? Ìyàwó Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀, tó ń tú ṣòkòtò kóòtù tí ọkọ rẹ̀ ti ń wá káàkiri ilé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ẹni tó ní òun á dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Bàbá Àgbà wo ṣòkòtò, wọ́n wo ìyàwó wọn tí kò gbójú sókè. Wọ́n wo àwa ọmọ: àkọ́bí ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, àwọn ọkùnrin méjèèjì ń ṣa ìrépé, àbíkẹ́yìn ń sùn lórí òkìtì aṣọ. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní kí awakọ̀ máa lọ. Wọ́n wá jókòó ti ìyàwó wọn, wọ́n rọra sọ fún Màmá pé: "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, jẹ́ kí tiwa fẹ̀ díẹ̀." Màmá ní aṣọ kò tó.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ pípín ọmọ sílẹ̀. Ní ọdún 1980, ilé ìwòsàn ní kí Màmá rán kúbùsù fún gbogbo ibùsùn àwọn ọmọdé. Wọ́n kó opó àti ọmọbìnrin tí kò níṣẹ́ jọ, wọ́n kọ́ wọn láìgba kọ́bọ̀, ìrépé náà ni wọ́n sì fi ṣe é. Nínú ìjọ, àwọn ni olórí ẹgbẹ́ aláàánú. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ wọn bí ìwàásù bá ń lọ. Olùṣọ́àgùntàn bá wọn wí títí, ó sú u. Ní ọdún 1991 wọ́n kọ́ ilé, wọ́n sì ní kí a má kọ́ ọ sí ọ̀nà tó ṣeé pín.

Inú ilé yẹn ni Màmá ti sùn, tí àwa ọmọ wọn sì yí ibùsùn ká. Wọ́n fi àbúrò ọkùnrin kan sáyé lọ. Wọ́n fi àwa ọmọ mẹ́rin sáyé: nọ́ọ̀sì, atẹ̀wé, olùkọ́ ìṣirò (Màmá kò yéé béèrè ibi tó ti rí i), àti aránṣọ tó ń darí ilé iṣẹ́ Ìrẹ́pọ̀ lónìí. Wọ́n fi ìyàwó ọmọ, ọkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àtọmọdọ́mọ mẹ́ta sáyé. Inú wa bàjẹ́, ṣùgbọ́n orí wa wú ju bí inú wa ṣe bàjẹ́ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ bá wa wo àga iwájú yẹn. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jókòó síbẹ̀, èjìká kan èjìká. Màmá, wọn ò rí wa pín o. Ẹ máa sinmi, kí ilẹ̀ rọ̀ fún yín, kí ara yín móoru. Ẹ sùn re.