Igi Òrí Ẹ̀yìnkùlé Ti So

Komu,
Ẹ̀yìn ìrun àsárì.

Samsudeen ọmọ mi, Àjàdí ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé Ìbàdàn ò le jù mọ́ ọ? Gbogbo ilé ń kí ọ, títí kan ewúrẹ́ tó jẹ fìlà rẹ nígbà iléyá. Alihamudulilai, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn.

Má bínú pé o ń pè mí, n kò gbé e. Fóònù ò sí lọ́wọ́ mi, ara igi òrí ni mo so ó mọ́.

O mọ̀ pé ọjọ́ tí a ri ìwọ́ rẹ mọ́lẹ̀ ni mo gbin kóró òrí tì í. Gbòǹgbò ló kọ́kọ́ ń wá kiri nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi ga ju orúnkún mi lọ, iná igbó jó o, ó tún rú, o gba ìwé mẹ́wàá tán, kò tíì so ẹyọ kan. Ni Ràmọ́nì, àbúrò bàbá rẹ, bá ní igi tí kò so, èédú ló kù, ó sì ti bá àwọn tó ń sun èédú sọ ọ́.

Inú mi bàjẹ́. Mo ké sí ọ, o fi ohùn ránṣẹ́ sínú wọ́sáàpù pé Màmá, tí kò bá so lọ́dún yìí, kí wọ́n gé e jàre. Mo ní ó dáa, ẹni tí wọ́n ń bá wí ló yẹ kó gbọ́. Mo gbé fóònù ti ìdí igi, mo tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ jáde. Gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, Caleb onígbàjámọ̀ ló ń bá mi fi iná sí fóònù. Àfi bí igi ṣe wọ́wé tán tí òdòdó bò ó, oyin ń kùn lórí rẹ̀ bí ọjà Ìṣẹ́yìn! Òjò rọ̀, ó so. Ràmọ́nì jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, ó nu ẹnu, ó ní ta ló sọ̀rọ̀ èédú.

Ọmọ mi, o ṣeun, o ṣeun. Ẹnu mi ò gba ọpẹ́.

Àmọ́ láti ìjẹta, àwọn èso tí kò tíì pọ́n ti ń já bọ́. Ẹ̀rù ló ń ba igi náà, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ rí ju kí wọ́n gé e. Bí wọ́n bá já tán, Ràmọ́nì á tún rántí àdá. Jọ̀wọ́, fi ohùn mìíràn ránṣẹ́, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ igi náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni o. Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra fóònù kékeré, torí èyí ti di ti igi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ wọlẹ̀ dáadáa níbẹ̀ yẹn. Iná ò ní jó ọ. Ìwọ náà á so, àmọ́ má ṣe pẹ́ tó o.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àwáwù.

Bí o bá pè tí o ò gbọ́ ohùn mi, má pa á. Máa kí i lọ, ó ń gbọ́.