Ọmọ Ogun Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Sinmi

Nenita ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Manila. Kí Màríà Wúńdíá bá mi máa ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀ èrò, kó má sì jẹ́ kí ìyáàfin tó ò ń bá ránṣọ kanra mọ́ ọ. Ara gbogbo wa le. Ẹfọ̀n tó ń bá wa túlẹ̀ oko bímọ, akọ ni, iwájú orí rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ. Ìyá àgbà ń jẹun dáadáa, bàbá rẹ nìkan ni wọ́n ń bínú sí, ohun tó fà á ni mo sì fẹ́ sọ fún ọ.

Àwọn onísinimá dé sí abúlé wa. Òyìnbó ló pọ̀ nínú wọn, àwọn ará Manila díẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní ogun tó jà nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ làwọn fẹ́ yà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fẹ́ tún un jà nígbà tó ti parí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Wọ́n gba bàbá rẹ síṣẹ́. Iṣẹ́ bàbá rẹ ni kí wọ́n máa kú. Wọ́n á wọ aṣọ sójà Japan, wọ́n á sáré jáde lẹ́yìn igi àgbọn, wọ́n á ṣubú, wọ́n á dìde lọ jẹun, wọ́n á tún padà wá kú. Omi ṣúgà pupa ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń dà sí wọn láyà, èèrà ò sì jẹ́ kí òkú ọ̀hún gbádùn. Ọjọ́ kan ni bàbá rẹ gbàgbé, tí wọ́n wọ aṣọ náà wálé. Ìyá àgbà ń fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́. Bí wọ́n ti rí aṣọ yẹn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ju atẹ dànù, wọ́n sá wọ àárín òpó abẹ́ ilé bí ìgbà ogun gan-an. Bàbá rẹ ń pariwo pé, Ìyá, èmi Gorio ni. Ìyá àgbà ní, irọ́ lo ń pa, Gorio mi ò lè wọ irú aṣọ yẹn. Àfìgbà tí bàbá rẹ bọ́ gbogbo rẹ̀, tó ku ṣòkòtò pénpé, kí ìyá àgbà tó jáde, ìgbálẹ̀ ni wọ́n sì fi kí ọmọ wọn káàbọ̀.

Ọ̀gá àwọn onísinimá, òyìnbó gàgàrà kan, orí àga ló máa ń wà, tí yóò máa pariwo pé, Kọ́ọ̀ti! Kọ́ọ̀ti! Mo rò pé ọmọ rẹ̀ ló ń pè, nítorí bó bá ti pè é, gbogbo èèyàn ló máa ń fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ wò ó. Ṣùgbọ́n Kọ́ọ̀ti ò dá a lóhùn rí. Ọmọ aláìgbọràn gbáà ni.

Àwọn ọmọ tó ń ṣe sójà Amẹ́ríkà ló ṣe mí láàánú jù. Wọ́n fi ẹrẹ̀ kùn wọ́n lójú, wọ́n gbé ẹrù kà wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n la odò kọjá. Bí wọ́n bá là á tán, wọ́n á ní kí wọ́n padà, kí wọ́n tún un là. Mo bi Luningning, ọmọbìnrin Manila tó ń túmọ̀ èdè fún wọn, pé ṣé wọn kì í sinmi ni. Ó ní, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó rẹ̀ ni. Mo ní, ọmọ mi, ẹni tó rẹ̀ ni mo mọ̀ tó máa ń ṣe bí ẹni tí kò rẹ̀, n ò tí ì rí irú èyí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo se ọbẹ̀ ìrẹsì aláta-ilẹ̀, mo gé adìyẹ sí i, mo gbé e lọ bá wọn létí odò. Ọ̀kan nínú wọn, Wendel, ni wọ́n ní kó ṣubú sábẹ́ igi, kó má lè dìde mọ́. Ó ṣubú lóòótọ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Omi bọ́ lójú àwọn tó ń wò ó, wọ́n ní ọmọ yìí mọṣẹ́. Ọ̀gá wọn pe Kọ́ọ̀ti, gbogbo wọn dìde, Wendel ò dìde. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ló ṣì wọ̀ ọ́ lára, káwọn tún un yà.

Nenita, n ò lè wò ó. Mo gbé ìkòkò mi, mo gba iwájú àpótí olójú kan tí wọ́n fi ń yàwòrán kọjá. Wọ́n ń pariwo lé mi lórí. Bàbá rẹ, tó jẹ́ pé òkú ni wọ́n lásìkò yẹn, ò la ojú, wọ́n kàn fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ pé, Ìyá Nenita, padà sílé, wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ náà. Ó gbóná bí ààrò. Mo fi ṣíbí kan ètè rẹ̀, eyín rẹ̀ dì pa. Mo ké sí bàbá rẹ pé, Gorio, ibà igbó yẹn ni, èyí tó mú ìwọ náà nígbà ogun!

Òkú bá dìde. Pẹ̀lú aṣọ Japan lọ́rùn, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ láyà, bàbá rẹ gbé sójà Amẹ́ríkà pọ̀n, wọ́n sì ń sáré lọ síbi ọkọ̀. Gbogbo òyìnbó la ẹnu sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe Kọ́ọ̀ti.

Dókítà ìlú ní bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ dalẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yíwọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Wendel wá jókòó sórí àtẹ̀gùn wa, ó jẹ abọ́ méjì. Ọ̀gá wọn náà wá, ó ṣí fìlà, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan, Luningning ní, ó ní ẹ ṣé, Màmá. Mo ní kì í ṣe èmi ni kó bẹ̀. Ó bá lọ jókòó ti ọmọ náà.

Mo wá ní kí Luningning bá mi bi Wendel pé sójà tó ń ṣe yẹn, ṣé yóò padà délé ìyá rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọ, àfi kí n wá wò ó. Àwọn onísinimá ti kó lọ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, bí mo bá ń fọ abọ́, mo ń rò ó.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́, kí èmi àti bàbá rẹ lè wá nígbà tí sinimá náà bá dé Manila. Bàbá rẹ fẹ́ rí bí àwọn ṣe kú. Ṣùgbọ́n tó o bá ṣáájú wa wò ó, tí ọmọ yẹn ò bá délé, má sọ fún mi o. Kàn kọ̀wé pé sinimá náà ò tí ì dé.

Ìwọ ní tìrẹ, Ọlọ́run á mú ọ délé ní Kérésì, ní àlàáfíà.

Ìyá rẹ,
Epang