Ibi Tí Kò Dùn Mí Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kejì láti ẹnu ọ̀nà, torí ìkọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í yọ. Mo gbé àpò kọ́. Mo gún ìka, mo kán ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ, mo wo iye ṣúgà. Mo fi abẹ́rẹ́ tuntun sẹ́nu pẹ́ẹ̀nì ínsúlíìnì, mo jẹ́ kó kán díẹ̀ dànù, mo yí i dé iye tèmi. Lẹ́yìn náà, apá òsì ìdodo — ibẹ̀ náà ni lójoojúmọ́. Kò dùn mí mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo kà dé ẹ̀wá, mo fọwọ́, mo jáde bí ẹni tó kàn lọ tọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ọjọ́rú, 5
Kíláàsì àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní bẹ̀rẹ̀ lónìí ní ilé ìwòsàn — àwa tí ara wa kì í pèsè ínsúlíìnì tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn. Bàbá kan tó ń ránṣọ ní kí n sún mọ́ òun, pé àìsàn tòun ò lè ràn mí, torí mo ti ní tèmi tẹ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ni màá máa pè é níbí.

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wa ní kí oníkálukú mú ẹnì kan tó ń gbé nítòsí rẹ̀ wá ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ẹni tó máa mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ṣúgà bá já wálẹ̀. Télọ̀ ní òun á mú ìyàwó òun; ó ti pẹ́ tó ti ń wá ibi tó máa fẹjọ́ òun sùn sí.

Ta lèmi fẹ́ mú?

Ọjọ́bọ̀, 6
Kò sí ẹnì kankan.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ní kíláàsì lónìí, nọ́ọ̀sì yẹ ibi tí a ń gún wò. Tèmi le bíi bọ́tìnì lábẹ́ awọ. Ó ní, "Ọmọ mi, ibi tí kò dùn yẹn ló ń tàn ẹ́." Ínsúlíìnì kì í gba ibẹ̀ wọlé dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà mi fi ń gòkè sọ̀kalẹ̀ láìnídìí. Kí n máa yí i ká — itan, ìdí, apá ọ̀tún ìdodo. Kí n sì dín iye kù, torí ibi tuntun á gbà á jù.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ọwọ́ mi ló ṣìṣe. Itan tuntun, iye àtijọ́.

Ilé ìdáná họ́sítẹ̀lì wa ni mo wà. Òógùn. Síbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Aláriwo nìkan ló wà níbẹ̀ — ọmọbìnrin yàrá kejì, tó máa ń gbá ilẹ̀kùn gbàgà, tí mo ti ń sá fún látìgbà tí mo dé. Ó ní, "Ìwọ, jókòó." Mo fẹ́ sọ pé oorun ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: ṣúgà. Ó pò ó mọ́ omi, ó sì di ife náà mú pẹ̀lú mi títí mo fi mu ún tán.

Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, ó ní ìgbéraga lòun rò pé ó ń ṣe mí. "O ò kí mi rí." Mo ní mo rò pé ó ń bínú sí mi ni, pẹ̀lú ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ̀rín pa á. Ilẹ̀kùn ọ̀hún ló wú. Kò ṣeé pa dé bí èèyàn ò bá gbá a.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo gún abẹ́rẹ́ ní tábìlì ilé ìdáná. Itan ọ̀tún, iye tuntun. Aláriwo bi mí bóyá ó dùn mí. Ó dùn mí díẹ̀. Ṣúgà ò gòkè, kò já.

Mi ò tíì lè sọ ti kíláàsì fún un. Lọ́la, kí n tó wẹ̀, màá lọ kan ilẹ̀kùn tó wú yẹn. Màá kọ́kọ́ kí i. Lẹ́yìn náà, màá ní kó tẹ̀ lé mi.