Èsì Ẹ̀wà Mọ̀ọ́mì Tí Mo Fi Pa Mọ́

Ojúlé kọkànlá,
Òpópónà Bámgbóṣé,
Èkó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá.

Ihsan ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí ooru Ìlọrin má sì mú yín jù. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkàn mi ni kò le.

Mo mọ̀ pé o ti dí nọ́ńbà mi, mi ò sì bínú. Ká ní èmi ni ìwọ, ǹ bá ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bírò bí ẹni pé ayé àwọn ìyá ìyá wa la ṣì wà, tí mo sì fi ìwé yìí rán Lùkúmọ̀n àbúrò rẹ. Jọ̀ọ́, má fà á ya kí o tó kà á tán. Tí o bá kà á tán, fà á ya bó ṣe wù ọ́. Ìwé ni, kò ní ké.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Mọ̀ọ́mì, ìyá tó bí ọ, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń dùn ún, àmọ́ ó ń jẹun, ó ń kírun lákòókò, ó sì ṣì ń bú àwọn tó ń da omi ìdọ̀tí sójú ọ̀nà ní Ìdúmàgbò. Ọjà nìkan ni kò lọ mọ́. Láti oṣù kẹfà tí mo ti ṣe ohun tí mo ṣe, kò tíì wọn kóńgò ẹ̀wà kan fún ẹnikẹ́ni.

O rí fídíò tí wọ́n ya lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ta ni kò rí i? Àmọ́ fídíò kò lè fi ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà hàn ọ́, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ìwọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

O mọ iṣẹ́ mi. À ń wọ ọjà, à ń yẹ irè oko tí wọ́n ń tà wò, kí oúnjẹ olóró má bàa dé inú ìkòkò ẹnikẹ́ni. Òfin wà fún un, a sì láṣẹ láti mú ènìyàn. Tí a bá fura sí ọjà kan, a máa ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, a máa ń fi tépù de ìyókù mọ́ inú ìsọ̀ níbẹ̀, a ó wá dúró de èsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí a tó lè ba ọjà ẹni jẹ́ lójú ẹsẹ̀, àfi kí ọ̀gá tó kó àwọn òṣìṣẹ́ wá buwọ́ lù ú pé ewu wà nínú kó dúró. Lọ́jọ́ náà, èmi ni ọ̀gá.

Nígbà yẹn, ìròyìn kan ti gba orí wáàsáàpù pé àwọn ará ilé kan jẹ ẹ̀wà, wọ́n sì gbabẹ̀ kú. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ilé náà wà, àmọ́ ẹ̀rù ti ba ìlú. Wọ́n ní ká lọ sí ọjà Sandgrouse. Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ní oṣù kẹfà, ẹ̀wà tuntun kò tíì jáde, ẹ̀wà èṣí ló wà lọ́jà, ẹ̀wà èṣí kò sì lè ṣàì ní kòkòrò. Èyí tí kò bá ní, bi olówó rẹ̀ pé kí ló pa kòkòrò inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀wà tó mọ́ la máa ń fojú wá. Gbogbo ìsọ̀ tá a yà ló ní kòkòrò. A dé ọ̀dọ̀ Mọ̀ọ́mì, mo ki ọwọ́ bọ inú dírọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹ̀wà náà ń dán, kò sí ihò lára ẹyọ kan. Òórùn kan tún ta sí mi nímú tí mi ò mọ ohun tó jẹ́.

Mo ní, "Mọ̀ọ́mì, kí lẹ fi sí ẹ̀wà yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, àwọn ẹlẹ́wà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pé jọ, wọ́n ti na etí sílẹ̀. Ó ní, "Jóànà, wọlé wá, màá sọ fún ẹ nínú ìsọ̀." Yéè! Gbólóhùn yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, tí oníṣòwò bá ti ní "wọlé wá", ẹ̀gúnjẹ ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wo ojú ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé ilé obìnrin yìí ni mo ti dàgbà. Wọ́n mọ̀ pé nígbà tí ìyá mi kú, tí apá Mama Henrietta, ìyá àgbà mi, kò ká mi mọ́, inú abọ́ kan náà ni èmi àti ìwọ ti ń jẹ sààrì, èmi ọmọ Àgùdà. Wọ́n ń wò ó bóyá màá wọlé.

Mi ò wọlé. Mo gbóhùn sókè, mo ní, "Àlàájà, ẹ má pè mí sí kọ̀rọ̀ o! Níbí ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́!" Ó ní, "Ṣé ìwọ nìyí?" Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn mọ́. Wọ́n bu díẹ̀ fún àyẹ̀wò, mo mú bírò, mo buwọ́ lù ú pé kí wọ́n ba ìyókù jẹ́.

Ihsan, torí ohun tó kàn yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ká ní ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí ni, ǹ bá fi tépù dè é, ǹ bá dúró de èsì, bí òfin ṣe wí. Nítorí pé ìyá mi ni ni mi ò ṣe dúró. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé mo ṣojúsàájú, mo wá fi ìbẹ̀rù yẹn rẹ́ ẹ jẹ. Gbogbo àjèjì ló ń jẹ àǹfààní òfin lọ́wọ́ mi. Ẹni tó tọ́ mi ni kò jẹ ẹ́.

Àpò mẹ́rìnlá àti dírọ́ọ̀mù mẹ́fà ni wọ́n dà sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí, wọ́n sì da epo dísù sí i lójú gbogbo ọjà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń pè é ní Àlàájà Ọ̀tapíápíá láti Apọ́ngbọ̀n títí dé Ìdúmàgbò. Àwọn olóúnjẹ tó ti ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tá a wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gba iwájú ìsọ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló fara dà á, ó tilẹ̀kùn. O pè mí, ò ń sunkún, ó sì yẹ kí n bá ọ sunkún. Èmi ọlọ́gbọ́n lójú ara mi, mo ní, "Òfin ò mọ ìyá, òfin ò mọ ọmọ." Ọ̀rọ̀ tá a bá ara wa sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń tún un kọ yìí.

Èyí tó burú jù, o ò tíì gbọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èsì àyẹ̀wò dé. Wọ́n ní àwọn kò rí oògùn apakòkòrò kankan nínú ẹ̀wà náà. Nínú gbogbo èyí tá a bù lọ́jọ́ náà, ti Mọ̀ọ́mì ló mọ́ jù. Mo gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá, ọ̀gá wa àgbà. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Jóànà, ẹ̀wà ti lọ. Kí la tún fẹ́ máa sọ? Fi sínú fáìlì." Mo lè sọ pé òun ló pàṣẹ. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ọ, inú mi dùn sí àṣẹ náà. Mo fi ìwé sínú àpótí tábìlì mi, mo tì í pa.

Oṣù mẹ́rin gbáko. Ihsan, mo ṣì ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà orúnkún lóṣooṣù o. Kò lé mi. Ó máa ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, á máa ja tẹ̀súbáà rẹ̀, èmi náà á dojú kọ ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé e lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì dákẹ́. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ó di ọjọ́ mìíràn. Irọ́ ni, ojo ni mí.

Kẹ́mi, ọmọ tuntun kan níbi iṣẹ́ wa, ló tú àṣírí mi fún mi. Ní oṣù tó kọjá, a fura sí ẹ̀wà ọkùnrin kan ní ọjà mìíràn, mo sì ní kí wọ́n fi tépù dè é ká dúró de èsì. Ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "Àǹtí, kí ló dé tá ò fi dúró nígbà ti Sandgrouse?" Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é. Èmi kò tilẹ̀ gbẹ́jọ́ ẹnì kankan tí mo fi dá a.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, mo mú ìwé èsì lọ bá Mọ̀ọ́mì. Mo kúnlẹ̀, mo kà á fún un ní Yorùbá. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó ní, "Lùkúmọ̀n ti sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa ń gbà. Mo ń ka ọ̀sẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin tí o ò sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀wà mi mọ́. Ká ní kò mọ́ ni, wàá ti sáré gbé ìwé wá láti fi da ara rẹ láre. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń dúró dè ọ́." Mo gbé! Mi ò mọ ibi tí mo lè fojú sí.

Ó wá sọ ohun tó fẹ́ sọ fún mi nínú ìsọ̀. Ata gbígbẹ ló máa ń dà sí i, á wá gbé àbẹ́là tó ń jó lé abọ́ kan lórí ẹ̀wà náà, á sì dé dírọ́ọ̀mù pa pinpin. Tí iná àbẹ́là bá ti jẹ atẹ́gùn inú rẹ̀ tán, kòkòrò ò ní lè mí. Òórùn àbẹ́là àti ata ló ta sí mi nímú. Àṣírí ọjà rẹ̀ ni, kò fẹ́ sọ ọ́ níṣojú àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Ibi tí o ti pariwo mi, ibẹ̀ ni kí o ti lọ ka ìwé yẹn. Wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ."

Mo lọ ní ọjọ́ Àtàláátà. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gun orí àga ní Sandgrouse, Mọ̀ọ́mì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Àwọn tó sọ ọ́ ní Ọ̀tapíápíá ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Wọ́n ní kó padà wá sí ìsọ̀, àwọn á bá a gbá a mọ́. Ó ní, "Orúkọ mi ni mo wá gbà, mo sì ti gbà á. Ẹ̀wà títà, ó tó." Níbi iṣẹ́, wọ́n ti fún mi ní ìwé pé kí n wá wí tẹnu mi. Wọ́n lè dá mi dúró, kí wọ́n dá mi dúró.

Mo gbé e délé, mo tún kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ti ẹ̀wà, mo ti fi jì ọ́ nítorí Ọlọ́run. Ẹ̀rù ló bà ọ́. Àmọ́ oṣù mẹ́rin tí o fi ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ tí o dákẹ́, ìyẹn ò tíì kúrò nínú mi. Máa lọ ilé rẹ. Èmi náà fẹ́ fi oṣù mẹ́rin dákẹ́ sí ọ. Tó bá pé, tí mo bá wà láyé, kí o wá." Ihsan, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló ń sọ fún mi pé tí òun bá wà láyé.

Mi ò ní kí o bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìdájọ́ rẹ̀ tọ́, màá gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni Àlàmísì tó ń bọ̀ yìí. Ọjọ́ dókítà orúnkún ni, Lùkúmọ̀n kò sì lè kúrò níbi iṣẹ́. Jọ̀ọ́, wá gbé e lọ. Jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn lọ́wọ́ òsì, kó lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò ní sọ fún ọ pé ó ń dun òun o. Tẹ̀súbáà ni kí o máa wò. Tó bá ti dáwọ́ jíjà á dúró, orúnkún ló ń dùn ún, kí o ní kí awakọ̀ rọra.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà, kó ṣọ́ ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Kò ní jẹ́ kí ẹ ṣe ohun tí ẹ ó fi àbámọ̀ gbé sùn. Kí ó bá wa dá Mọ̀ọ́mì sí.

Èmi ni tìrẹ, tí a jọ jẹ sààrì nínú abọ́ kan,
Jóànà.

Mo gbàgbé: ìwé èsì wà lọ́dọ̀ Mọ̀ọ́mì, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń fi sí. Lùkúmọ̀n ní Mọ̀ọ́mì máa ń ní kí òun kà á fún un láràárọ̀. Ó ní tí òun bá ti kà dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí bí ẹni tó mú ẹ̀wà náà wá, Mọ̀ọ́mì á ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀," á sì gbà á lọ́wọ́ òun kí òun tó pe orúkọ náà.