Èdè Inú Ìwé Ìfẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Ara mi le koko bí ọta, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwé ìtàn ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní kí n máa fi kọ́ èdè àwọn ará ibí ti bá mi ṣiṣẹ́. Nígbà tí ayọ́ọ̀nù jó mi lọ́wọ́ ọ̀tún ní ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, "Olólùfẹ́ mi, má fi mí sílẹ̀" nìkan ló wá sí mi lẹ́nu ní èdè wọn níwájú nọ́ọ̀sì. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. A jọ rẹ́rìn-ín ni. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ẹ má wo ìkọ̀wé wúruwùru yìí, ọwọ́ òsì ni. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ ní mò ń jẹun.

Mi ò tíì ka ìwé náà tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á, ṣé ọmọbìnrin tó filé sílẹ̀ yẹn padà délé?

Èmi àbúrò yín ni.